Àwọn lọ́yà ńlá kọ ọ́, àwa tẹ̀ka sí i

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú bí ẹ ṣe ń gbé èdè wa ró. Àjàṣẹ́, Porto-Novo ní Bẹ̀nẹ̀, ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, Kétu ti Bẹ̀nẹ̀ níbí ni ilé bàbá mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn èèyàn tẹ ìwé, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí ò jìnnà sí ilé ẹjọ́, kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, ojú ewé kan 500 sẹ́fà. Ẹni tí ò gbọ́ Faransé á sọ tiẹ̀ fún mi ní Yorùbá tàbí Gùn, èmi á kọ ọ́ ní Faransé kó lè rí nǹkan gbé lọ bá àwọn aláṣẹ. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí yín lóṣù tó kọjá, tó ní ká yéé bú àwọn lọ́yà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ́ńpìnnì ńlá, pé iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni wọ́n ń jẹ́, ẹ̀bi ò sí lọ́rùn ìránṣẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò rò pé ọkàn burúkú lẹni náà fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó bí wa lọ́mọ ti fèsì ọ̀rọ̀ yẹn tipẹ́, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òótọ́ ni pé ẹlòmíì ló rán ẹ, àmọ́ ẹnu tìẹ lo fi máa jẹ́ iṣẹ́ náà, orí tìẹ lo sì máa fi rò ó kó o tó débẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ìyẹn lọ, ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ṣojú mi.

Àbúrò ìyá mi kan wà ní Kétu, Ìyá Kékeré là ń pè é. Òun àtàwọn obìnrin bíi ogójì jọ ń ṣe gàrí, wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n dáwó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, abẹ́ páànù kan ni wọ́n ti ń yan án. Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kọ́ńpìnnì kan wá bá wọn, ó ní òun á máa ra gbogbo gàrí wọn, òun á tún kọ́ ilé ìyangàrí gidi fún wọn, èyí tí èéfín ò ní máa ba ojú wọn jẹ́. Inú wọn dùn, ta ni inú ẹ̀ ò ní dùn? Ìyá Kékeré ti fi ojú yẹn yan gàrí láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge, omi ò kúrò lójú ẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n máa fọwọ́ síwèé bọ́ sí ọjọ́ tí mo wá ìsìnkú nílé. Mọ́tò funfun kan dé láti Kútọnu, lọ́yà kan sọ̀ kalẹ̀, ọmọkùnrin tí ò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, ọmọ tó níwà, ó tẹrí ba kí àwọn ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kóòtù dúdú wà lọ́rùn ẹ̀ nínú oòrùn Kétu, òógùn ń ṣàn wọ kọ́là ẹ̀wù ẹ̀. Kabíné tó ti wá, bẹ́ẹ̀ là ń pe ilé-iṣẹ́ lọ́yà níbí, ọ̀kan lára àwọn ńlá yẹn ni, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún báǹkì àtàwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè. Ó gbé ìwé jáde, ojú ewé méjìdínlógójì, Faransé láti òkè délẹ̀. Ó fi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣàlàyé ẹ̀, òun náà ò gbọ́ Yorùbá, awakọ̀ ẹ̀ ló ń túmọ̀. Awakọ̀ o! Ohun tí awakọ̀ náà sì rí mú nínú gbogbo àlàyé yẹn ò ju pé wọ́n á máa ra gàrí yín, wọ́n á kọ́lé fún yín, ẹ tẹ̀ka síbí.

Àwọn márùn-ún tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ka, ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni, kò gbọdọ̀ yọ ìkankan sílẹ̀. Nígbà tó máa fi di ojú ewé ogún ìńkì ti ń gbẹ nínú páálí, ẹnì kan kán omi sí i. Ìyá Kékeré tẹ tiẹ̀ tán, ó fi etí ìró nu àtàǹpàkò ẹ̀, ó ti fọ ìró yẹn tì, àbàwọ́n búlúù náà ṣì wà níbẹ̀ dòní. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo ìwé náà, lọ́yà ò sì fi dù mí, ó nà án sí mi, mo ṣí i, Faransé tó le bí òkúta ni mo bá pàdé, àwọn ìyá ń wò mí, mọ́tò ń kù lórí ìdúró, àwọn onísìnkú ń pè mí, mo bá dá a padà. Ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Gbogbo ẹni tó mọ Kétu ló mọ Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè tí àwọn baba wa ṣe kí àlejò tó bá fẹ́ wọ̀lú lè kọ́kọ́ dúró kó sọ ohun tó bá wá. Ìwé yẹn ò dúró lẹ́nubodè kankan, èmi tí mo yẹ kí n dá a dúró ni mo sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un.

Ọdún kan àti oṣù méjì ni kọ́ńpìnnì fi rà dáadáa. Lẹ́yìn náà wọn ò wá mọ́, oṣù kan, oṣù méjì, oṣù kẹta, gàrí kún àpò ó ń gba ọ̀rinrin, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ délẹ̀, àwọn obìnrin yìí bá tà á fún àwọn oníṣòwò tó ń wá láti ìhà Nàìjíríà. Kò pẹ́ ni lẹ́tà dé, orúkọ kabíné náà gàgàrà lórí ẹ̀, ó ní ẹ ti ya àdéhùn, ọjọ́ mẹ́jọ la fún yín, 12 mílíọ̀nù sẹ́fà. Ọjọ́ yẹn ni mo tó jókòó ka ìwé náà láti ojú ewé kìíní dé ìparí, orí fò mí. Ojú ewé kẹsàn-án ní wọn ò gbọdọ̀ ta gàrí fún ẹlòmíì fún ọdún 15. Ojú ewé kejìlá ní kò sí iye kan pàtó tó pọn dandan kí kọ́ńpìnnì rà. Ẹ ka méjèèjì pọ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀nà tí wọ́n gbà dè wọ́n mọ́lẹ̀ nìyẹn, ẹ ò gbọdọ̀ tà fún ẹnikẹ́ni, àwa náà ò sì jẹ yín ní rírà. Ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n wá ní bí ìjà bá dé, ilé ẹjọ́ kọ́ lẹ ń lọ, iwájú àwọn adájọ́ àdáni ni, arbitrage ni wọ́n ń pè é, ní Paris, oníkálukú á sì kọ́kọ́ fi ìdajì owó ìjókòó wọn lélẹ̀. Paris! Ilé ẹjọ́ Pọbẹ̀ wà nítòsí, zémijàn, ọ̀kadà tiwa níbí, lè gbé wọn débẹ̀. Ọ̀pọ̀ lára àwọn ìyá yẹn ò tíì dé Kútọnu rí.

Mo lọ sí kabíné náà. Wọ́n gbà mí dáadáa, wọ́n fún mi lómi tútù, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn náà ló jáde sí mi. Mo bi í pé ṣé ó rò pé ìwé yìí yé àwọn obìnrin wọ̀nyẹn. Ó dákẹ́, ó wo tábìlì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí ohun tí mo ṣe tí òfin kọ̀. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú wọn." Mo tún un bi. Ó ní, "Ìyẹn ò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi." Mo gbà á gbọ́, kò parọ́ fún mi. Ohun tó sì bà mí nínú jẹ́ jù nìyẹn, pé ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa báyìí, tó ń tẹrí ba kí àgbà, ti dé ibi tí kò ti rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn kan òun.

Ẹ má rò pé Kétu nìkan ni, tàbí torí pé àwa ò kàwé ni. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà mọ ẹjọ́ P&ID jù mí lọ. Ní 2010 ìjọba Nàìjíríà àti ilé-iṣẹ́ yẹn fọwọ́ síwèé ọdún 20 pé ilé-iṣẹ́ náà á kọ́ ibi tí wọ́n á ti máa fọ gáàsì ní Kàlàbá. Wọn ò kọ́ nǹkan kan. Síbẹ̀ ìwé ti wà nílẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù lẹjọ́ bọ́ sí, iwájú àwọn adájọ́ àdáni, nígbà tó di January 2017 wọ́n ní kí Nàìjíríà san 6.6 bílíọ̀nù dọ́là, èlé sì ń gorí ẹ̀ títí gbogbo ẹ̀ fi kọjá 11 bílíọ̀nù. Ọjọ́ 23 oṣù October 2023 ni Adájọ́ Robin Knowles ní ilé ẹjọ́ gíga Lọ́ńdọ̀nù tó sọ pé jìbìtì ni wọ́n fi gba ìdájọ́ yẹn, pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ wà nínú ẹ̀, irọ́ wà nínú ẹ̀, àti pé ìwé àṣírí tó wà láàárín Nàìjíríà àtàwọn lọ́yà ẹ̀ wà lọ́wọ́ P&ID nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́. Apá tí mo tún kà lẹ́ẹ̀mẹta nìyí: lọ́yà méjì ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ yẹn ló mọ̀ pé ìwé àṣírí yẹn kì í ṣe tiwọn, wọn ò dá a padà, adájọ́ sì ní owó tí wọ́n ń retí ló fà á. Bí Nàìjíríà bá san owó yẹn, ìpín ọ̀kan nínú wọn lè tó 3 bílíọ̀nù pọ́n-ún, ti èkejì lè tó 850 mílíọ̀nù. Adájọ́ ní òun á fi ìdájọ́ náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣàkóso iṣẹ́ lọ́yà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ wò ó, odindi orílẹ̀-èdè, tó ní mínísítà, tó ní lọ́yà tiẹ̀. Mélòó mélòó ni Ìyá Kékeré?

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ọ̀rọ̀ sìgá. Ọjọ́ 17 August 2006, Adájọ́ Gladys Kessler ní Amẹ́ríkà gbé ìdájọ́ kan kalẹ̀ tó lé ní ojú ewé 1,600, ó ní àwọn ilé-iṣẹ́ sìgá ti tan aráàlú jẹ fún bí 50 ọdún, ó sì sọ ọ́ láìfi bò pé ní gbogbo ìpele ẹ̀ àwọn lọ́yà wà ní àárín gbùngbùn, àwọn ni wọ́n ń sọ ìwádìí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa ṣe àtèyí tí wọn ò gbọdọ̀ ṣe, àwọn ni wọ́n ń fi ẹ̀tọ́ àṣírí lọ́yà àti oníbàárà bo ìwé mọ́lẹ̀. Ṣé iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn náà nìyẹn?

Èyí tó tún sún mọ́ wa ni ti Abidjan. Lóru 19 mọ́jú 20 August 2006, wọ́n da ìdọ̀tí olóró tí ọkọ̀ ojú omi Probo Koala gbé wá káàkiri ìlú yẹn, Trafigura, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣòwò epo, ló háyà ọkọ̀ náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sáré lọ sí ọsibítù, orí fífọ́, èébì, imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ìjọba Côte d'Ivoire sì sọ pé àwọn kan kú. Ilé-iṣẹ́ náà ní ìdọ̀tí yẹn ò lè pààyàn, ní 2007 ó san 95 bílíọ̀nù sẹ́fà fún ìjọba láìgbà pé òun jẹ̀bi. Lọ́dún 2009 nígbà tí ìwé ìròyìn Guardian ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ sọ ohun tó wà nínú ìròyìn ìwádìí kan lórí ìdọ̀tí yẹn, Carter-Ruck, kabíné tó ń ṣiṣẹ́ fún Trafigura, ti gba àṣẹ ilé ẹjọ́ tó fi dí wọn lẹ́nu, débi pé nígbà tí aṣòfin kan fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ náà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Guardian ò lè sọ fún àwọn òǹkàwé ẹ̀ pé wọ́n béèrè nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn orí íntánẹ́ẹ̀tì ló tú u síta kí wọ́n tó jáwọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwé ìròyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò, kí àṣẹ tí lọ́yà gbà nílé ẹjọ́ dí yín lẹ́nu lórí ohun tí gbogbo ayé lè gbọ́ nílé ìgbìmọ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ Abidjan yẹn kan náà, kabíné míì ní Lọ́ńdọ̀nù, Leigh Day, ló gba ẹjọ́ àwọn bí 30,000 èèyàn rò, ó sì gba 30 mílíọ̀nù pọ́n-ún fún wọn ní September 2009, bí 1,000 pọ́n-ún lórí ẹnì kan. Ìyẹn dáa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ wọ́n kó owó náà sí báǹkì kan ní Abidjan, àwọn kan bá dìde pé àwọn ló ń ṣojú àwọn tó fara gbá, owó bọ́ sí wọn lọ́wọ́, bí 6,000 èèyàn ò rí tiwọn gbà. Ní 2016 adájọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù dá a pé kabíné náà ṣàìbìkítà lórí ibi tó kó owó sí. Èmi ò pa àwọn méjèèjì pọ̀ o, ẹni tó fẹ́ ṣoore tó ṣèèṣì kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ń dí ni lẹ́nu. Mo kàn ń sọ pé nígbà tí ọ̀rọ̀ wa bá ti kúrò lọ́wọ́ wa, tó wà lọ́wọ́ àwọn tó gbọ́n jù wá lọ nílùú òkèèrè, inú rere wọn gan-an lè ṣe wá léṣe.

Mo mọ ohun tí wọ́n á fi dá mi lóhùn, pé gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́yà. Mo fọwọ́ sí i tọkàntọkàn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá àgbà òṣìkà ni, olè gan-an ní ẹ̀tọ́ sí ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀, lọ́yà tó bá kọ̀ láti gbẹjọ́ ẹni tí ayé kórìíra, ojo ni. Nílé ẹjọ́ nìyẹn o. Nílé ẹjọ́, lọ́yà ẹnìkejì wà níbẹ̀, adájọ́ jókòó sáàárín, bí ìwọ bá fa okùn sọ́hùn-ún ẹnì kan ń fà á síbí. Ṣùgbọ́n abẹ́ páànù tí wọ́n ti ń tẹ̀ka síwèé ní Kétu, adájọ́ wo ló wà níbẹ̀? Lọ́yà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun nìkan ló mọ ohun tó wà lójú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n. Òun nìkan ni gbogbo òfin tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá sọ pé lọ́yà ilé ẹjọ́ àti lọ́yà tó ń kọ àdéhùn láàárín erin àti èèrà jọ ní ojúṣe kan náà, ẹ jọ̀ọ́, kó wá bá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn kabíné ńlá yìí sì lágbára ju bí a ṣe rò lọ. Ìjọba fúnra ẹ̀ ń háyà wọn láti bá a wo àdéhùn kànga epo, ibùdókọ̀ òkun àti gbèsè. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Báǹkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà dá àjọ kan sílẹ̀ ní 2008 láti máa wá lọ́yà tó dáńgájíá fún àwọn ìjọba Áfíríkà, nítorí pé bí wọ́n bá jókòó dojú kọ àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè agbára wọn ò dọ́gba. Ó dáa bẹ́ẹ̀ fún ìjọba. Ẹgbẹ́ onígàrí ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ èdè wá ni ìdí ẹ̀ gan-an. Òfin ìṣòwò wa ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, OHADA là ń pè é, ìwé àdéhùn ẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí ní Port-Louis ní 17 October 1993, orílẹ̀-èdè 17 ló wà nínú ẹ̀. Ní 2008 wọ́n tún un ṣe pé kì í ṣe Faransé nìkan mọ́, Gẹ̀ẹ́sì, Sípéènì àti Potogí náà ti di èdè iṣẹ́ ẹ̀. Èdè mẹ́rin, mo sì mọ ìdí ẹ̀. Àmọ́ kò sí ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ìyá onígàrí fi ń rò nǹkan nínú ọkàn ẹ̀, ní Kétu, ní Sábẹ́, ní Àjàṣẹ́ níbí. Nítorí náà kò sí bí òfin ṣe lè dáa tó tí kò ní gba ẹnu ẹlòmíì kó tó dé etí wọn, ẹnu ta wá ni? Bó bá jẹ́ ẹnu awakọ̀ ẹni tó fẹ́ rà lọ́wọ́ wọn ni, òfin ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn rárá.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà wa kò pọ̀. Kí wọ́n sọ ọ́ di dandan fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn pé bó bá gbé ìwé wá síwájú ẹni tí ò lè kà á, kó wá ògbufọ̀ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹ̀, kó ka gbogbo ẹ̀ sókè ní èdè ẹni náà, kó sì fi ìwé náà sílẹ̀ fún wọn kí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí wọ́n tó tẹ̀ka. Kí wọ́n yéé fi Paris sínú àdéhùn gàrí. Ẹ̀yin lọ́yà tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá, níbí àti ní òdìkejì ààlà, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú yín bá lè fi ọjọ́ kan lóṣù ka ìwé fún àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti alájàpá, mo ní àga méjì nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò ní gba kọ́bọ̀ lórí ìwé tí mo bá tẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin olóòtú náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ya àyè díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀rọ̀ inú àdéhùn, ọ̀rọ̀ kan lọ́sẹ̀ kan, kí ẹ ṣàlàyé ẹ̀ bí ẹni ń bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ní ti àwọn ìyá wa, wọn ò tíì san 12 mílíọ̀nù, wọn ò sì ní in. Agbẹjọ́rò àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Àjàṣẹ́ níbí bá wa kọ èsì lọ́fẹ̀ẹ́, a ṣì ń retí ohun tí kabíné máa sọ. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá, gbogbo alẹ́ Sunday ni mo ń ka apá kan sórí WhatsApp fún Ìyá Kékeré, òun á pe àwọn yòókù jọ wọ́n á gbọ́ ọ. Mo ti dé ojú ewé kejìlélógún. Wọ́n máa ń dá mi dúró bi mí ní ìbéèrè, ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání, lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n ní ṣé ibi tí wọ́n ti ní kọ́ńpìnnì lè fi àdéhùn náà lé ẹlòmíì lọ́wọ́ láìbi wá, àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí? Mo wá a, àwọn ò lè ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀dà rẹ̀, mo ti pa orúkọ gbogbo èèyàn àti ti ilé-iṣẹ́ náà rẹ́, mo lè fi ránṣẹ́ sí yín lọ́sẹ̀ yìí.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé kan ní Àjàṣẹ́, ọmọ Kétu